Ọ̀rọ̀ Tó Wọ Ẹnu Ọ̀kẹ́rẹ́

"Àfi Àràbarà nìkan ló kù láyé tí èèyàn lè ṣe ìwádìí lé lórí?" Ohùn ìyá ọmọ náà ti kúrò ní ilé ìdáná, ó ti wọ ojúlé kejì láìkanlẹ̀kùn. "Àwọn tó ń gbé orin jáde ńkọ́? Àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù hàn lórí tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Gbogbo wọn ti kú?"

Ọmọ náà ń nu abọ́. Abọ́ kan ṣoṣo ló ti ń nù láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Bí abọ́ náà bá ní awọ, ì bá ti bó. Ó dáhùn wọ́ọ́rọ́wọ́, èyí tó máa ń dun ìyá rẹ̀ ju ariwo lọ. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ti pín àwọn olórin láàárín ara wọn tán, ti bọ́ọ̀lù sì ti di ìjà láàárín àwọn ọkùnrin kíláàsì. Tíṣà ní kí kálukú mú ilé-iṣẹ́ kan tó ń dá aráyé lára yá, kó wádìí ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ti yí padà nínú ìwà àti àṣà àwọn èèyàn. Òun ò mọ ilé-iṣẹ́ mìíràn tó yí nǹkan padà tó Àràbarà.

Lọ́yà ni bàbá ìyá rẹ̀ ń pè é. Láti kékeré, bí wọ́n bá ní kó lọ sùn, á ní kí wọ́n mú ẹ̀rí wá pé ilẹ̀ ti ṣú. Ọmọ tó bá rí bẹ́ẹ̀ ò ṣeé fi igbe lé kúrò lórí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, igbe nìkan ni ìyá rẹ̀ ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí Lọ́yà fẹ́ kọ ò le. Àràbarà ló ra katúùnù ọ̀kẹ́rẹ́ kan láti ilẹ̀ òkèèrè, tí wọ́n fi èdè wa sí i lẹ́nu. Kẹ́rẹ́ ni wọ́n sọ ọ̀kẹ́rẹ́ náà. Bàbá Kẹ́rẹ́ ò mọ nǹkan kan ṣe láṣeyọrí: lónìí ó já bọ́ lórí igi, lọ́la ó há sínú ìkòkò. Ní ìparí eré, Kẹ́rẹ́ á fọwọ́ lé ìbàdí, á wo bàbá rẹ̀ láti òkè délẹ̀, á ní, "Bàbá, ìwọ lo ò mọ̀."

Ìwọ. Kò pè é ní ẹ̀yin. Àwọn ọmọdé rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń yí nílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ nílé, pẹ̀lú ohùn ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn òbí wọn náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ àwọn gbọ́n. Òbí tó bá ń fi àrífín ọmọ ṣe eré, ẹ jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà tó yá, ohùn ọ̀kẹ́rẹ́ bọ́ dànù, ọ̀rọ̀ náà kù lẹ́nu wọn. Ẹ wo àwọn géńdé tó wà ní ọ́fíìsì lónìí, táì lọ́rùn, tí wọ́n ń bi bàbá wọn lórí fóònù pé, "Ṣé o ti jẹun?" Kì í ṣe pé wọ́n ń bá a jà. Wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan fọ́.

Ìyá Lọ́yà ni ohùn Kẹ́rẹ́. Èyí kì í ṣe àṣírí nínú ilé. Ohùn tó fi ń jágbe yìí náà ló máa ń fún mọ́ ọ̀fun, á dà bí ìgbà tí wọ́n tẹ ológbò nírù, tí gbogbo ọmọ àdúgbò á sì sáré dé ojú fèrèsé.

"Orí èmi ìyá ẹ lo fẹ́ gùn gba máàkì," ó ní báyìí.

Lọ́yà ní rárá o, òun ò ní dárúkọ wọn. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà lòun ń wá, kì í ṣe ẹni tó kà á. Ìyá rẹ̀ yíjú sí sítóòfù, ó ṣáná sí i. Kò sí ìkòkò lórí rẹ̀.

Ibẹ̀ ni bàbá àgbà ti yọ láti yàrá rẹ̀. Akéde ni ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin títí irun rẹ̀ fi funfun. Òun ló máa ń sọ fún àwọn èrò nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ọkọ̀ ti ń bọ̀, kí wọ́n jọ̀wọ́ sún sẹ́yìn. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, àmọ́ bó bá ní kí wọ́n gbé iyọ̀ wá, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ọkọ̀ fẹ́ gbéra.

"Fi Lọ́yà sílẹ̀," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Jẹ́ kó kọ ọ́. Jẹ́ kó wá ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́nu ẹranko jáde fún mi. Mo fẹ́ mọ̀ ọ́n kí n tó kú."

Ó nídìí. Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ ọkùnrin ni ìdí náà. Kí wọ́n tó bí Lọ́yà ni, nígbà tí Kẹ́rẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, gbogbo ilé jókòó wọ́n ń jẹun, bàbá àti ọmọ ń jiyàn lórí wáyà tẹlifíṣọ̀n, èwo ló yẹ kó wọ ibo. Bàbá ń fi tipátipá ki wáyà bọ ihò tí kì í ṣe tiẹ̀. Ọmọkùnrin náà dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó yá ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyá Lọ́yà, lò: "Bàbá, ìwọ lo ò mọ̀." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀rín ò tíì tán tí ìgbátí fi balẹ̀. Ọmọ náà mú bàtà rẹ̀ dání, kò wọ̀ ọ́, ó fẹsẹ̀ lásán jáde. Ó wà ní ìlú mìíràn báyìí, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Nígbà tí ìyá wọn kú, ó wá, ó dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn, ó sì ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó kí i káàbọ̀.

Bàbá ò lè pè é. Bó bá pè é, ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ̀bi, kò sì sí ẹni tó fẹ́ jẹ̀bi nínú wọn. Orí kunkun kan náà ni wọ́n jọ pín. Ẹnì kẹta ló ń wá, tí wọ́n á jọ di ẹ̀bi náà lé lórí. Ó sọ ọ́ fún Lọ́yà kedere, níṣojú ìyá rẹ̀: tí ìwé náà bá ti jáde, tí tíṣà bá ti fọwọ́ sí i, òun á pe ọmọ òun, òun á kà á fún un. "Màá ní, 'Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ, kì í ṣe ẹjọ́ mi. Ẹni tó ba àárín wa jẹ́ rèé.' Á wá sílé."

Ìyá Lọ́yà pa sítóòfù. Lọ́jọ́ ìgbátí yẹn, bàbá rẹ̀ bi í léèrè ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì dáhùn pé wọ́n kàn gbé ìwé síwájú àwọn ni, àwọn sì kà á. Irọ́ náà ti dàgbà nínú ilé yìí bí ọmọ. Ó ń bá wọn jẹun, ó ń bá wọn sùn.

Tíṣà gba àkòrí Lọ́yà, ó ní ó dáa, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ bá ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n má ka òun mọ́ ọn. Ni Lọ́yà bá gba ọ̀dọ̀ Etí-Ológbò lọ.

Etí-Ológbò ni ẹlẹ́rọ ohùn ní Àràbarà. Wọ́n fún un lórúkọ yìí torí pé bí ẹ̀fọn bá yí èrò padà ní yàrá kejì, á gbọ́. Ó mọ Lọ́yà láti ìgbà tó ti ń sùn lórí ẹ̀wù òjò ìyá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó mú un wọ yàrá kékeré tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀, níbi tí wọ́n fi fóòmù bo gbogbo ògiri, tí ọ̀rọ̀ èèyàn á kú síwájú rẹ̀ bí òkúta tí wọ́n jù sínú ìyẹ̀fun. Ó ṣí Kẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ pàá lójú kọ̀ǹpútà, ó sì dá a dúró níbi tí ọ̀kẹ́rẹ́ ti fọwọ́ lé ìbàdí.

"Wo ẹnu yẹn," ó ní. "Wá sọ ọ́ bó ṣe yẹ kí ọmọlúàbí sọ ọ́."

Lọ́yà sọ ọ́: ẹ̀yin lẹ ò mọ̀. Ẹnu ọ̀kẹ́rẹ́ rí roboto bí òrùka. Ẹnu tiẹ̀ fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹnu ẹni tí ata ń ta. Ẹlẹ́rọ rẹ́rìn-ín. Ó ní èdè tiwọn ni àwọn tó ya ọ̀kẹ́rẹ́ náà yà á fún. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún Àràbarà kọ ẹ̀yin sínú ìwé, arúgbó kan tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi gbìyànjú. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e sí i lẹ́nu, ńṣe ló ń dà bíi pé eyín ń ro ọ̀kẹ́rẹ́. Ebi ń pa wọ́n, ọ̀gá ń wo aago.

"Ìyá ẹ ló yanjú ẹ̀," Etí-Ológbò sọ, ojú rẹ̀ ń dán. "Ó yọ ẹ̀rọ ìgbọ́hùn etí ẹ̀, ó ní, 'Ẹ sọ ọ́ di ìwọ jàre. Ta ló ń wá ẹ̀kọ́ ilé lọ sọ́dọ̀ ọ̀kẹ́rẹ́?' Ó bá ẹnu ọ̀kẹ́rẹ́ mu wẹ́kú, a pàtẹ́wọ́ fún un. Arúgbó yẹn gbé báàgì ẹ̀, ó ní ká yọ orúkọ òun kúrò. Kọ ọ́ síbẹ̀ o, kí aráyé mọ̀ pé ọpọlọ ìyá ẹ pé."

Lọ́yà dúpẹ́. Kò kọ nǹkan kan.

Ó yí àkòrí padà. Ó mú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n, èyí tí àwọn yòókù sá fún torí kò sí ohun tí èèyàn fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju pé àwọn ọkùnrin ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀. Tíṣà fọwọ́ sí i. Nígbà tí ìyá rẹ̀ rí àkòrí tuntun náà lórí tábìlì, kò bi í nídìí. Ó bi í bóyá ara Etí-Ológbò le. Lọ́yà ní ó ní kí òun kí wọn. Ìyá náà ní ó ṣeun. Ó wọ balùwẹ̀, ó ṣí omi, omi ń ṣàn, kò wẹ̀.

Ó wá ku bàbá àgbà. Lọ́yà rò pé bóyá tóun bá sọ ọ́ bí ẹni tí ò ka nǹkan sí, á kọjá lọ. Ó bá a ní pálọ̀. Bàbá ti fá irùngbọ̀n, ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìdágbére fún un níbi iṣẹ́, fóònù wà lórí itan rẹ̀, ó sì ń dá nìkan sọ ọ̀rọ̀ tó máa kọ́kọ́ sọ nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá gbé e. Ìwé ò tíì dé, ó ti ń múra.

Lọ́yà ní òun ti mú nǹkan míì. Bàbá bi í pé kí ló dé. Ọmọ tó ti ń rí ẹ̀rí fún ohun gbogbo láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò rí ẹyọ kan mú jáde. Ó ní ó kàn wu òun bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá ní irọ́ ni. Ó ní wọ́n ti rà á, Àràbarà ti fún un ní bèbí ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì ti tìtorí ẹ̀ ta òun. Ohùn rẹ̀ ń gòkè, ó kan àjà. Ó ní òun ti mọ̀ pé ilé yìí ò lè mú ẹni tó máa gbèjà òun jáde, pé àbúrò ìyá rẹ̀ gan-an ló fi jọ. Lọ́yà ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ò," ó sì gé e síbẹ̀, torí ó rí ibi tí gbólóhùn náà ń lọ. Bàbá náà rí i. Ó ti dìde, ọwọ́ rẹ̀ ti gòkè.

"Ẹ má lù ú." Ìyá Lọ́yà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

Ó wọlé. Ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ ọn jù, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ó sọ ọ́ tán, kò fi nǹkan kan pamọ́: ẹnu roboto, ebi ọ̀sán, arúgbó tó gbé báàgì rẹ̀, ohun tóun sọ nípa ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n fi pàtẹ́wọ́. Ó ní òun purọ́ lọ́jọ́ ìgbátí yẹn torí ẹ̀rù ba òun pé ìkejì á kan òun, àti pé nígbà tí ẹ̀rù lọ, ìtìjú ló jókòó sípò rẹ̀.

"Ẹnì kẹta tẹ́ ẹ̀ ń wá rèé, Bàbá," ó ní. "Ẹ pè é. Ẹ ní èmi ni. Ẹ jẹ́ kó bínú sí mi, kó wá sílé."

Bàbá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó wo fóònù, ó pa á, ó fi í sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì de bọ́tìnnì àpò náà. Ó wo ọmọ rẹ̀ pẹ́, bí wọ́n ṣe ń wo èrò tí ọkọ̀ rẹ̀ ti lọ. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn ibùdókọ̀ ló fi sọ ọ́, ó ń dún kedere, kò sí ìbínú kankan nínú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ẹ dìde. Àga ìyàwó mi lẹ jókòó lé."