Àkùkọ Dà?

Títí di òní, bí mo bá rí báírò pupa, inú á bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ní ọdún 1978, ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé fúláàtì ní Fẹ́sítáàkì ló kún kíláàsì wa. Èmi Sẹ̀gilọlá nìkan ló ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Kuje, abúlé ìtòsí ibẹ̀, níbi tí ìyá mi ti ń ta ọṣẹ àti kẹrosíìnì. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni tíṣà wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran, fẹ́ kí àròkọ gbà bẹ̀rẹ̀: "Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́, mo ta jí." Ìbáà jẹ́ ọjà là ń kọ nípa rẹ̀, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀lù, àkùkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ.

Èmi kọ nípa òjò tó ba ọjà ìyá mi jẹ́. "Òjò ò kan ilẹ̀kùn, ńṣe ló wọlé," bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tíṣà fún mi ní òdo, ó fi báírò pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Àkùkọ dà? Lọ mú un wá."

Ìyá mi, tó kọ́ ìwé kíkà ní kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, ka ọ̀rọ̀ pupa náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Àkùkọ ni tíṣà yín ń bèèrè?"

"Màámi, ọ̀rọ̀ àròkọ ni o."

"Pa ẹnu ẹ dé! Ṣé òdo lo fẹ́ máa gbà lọ?"

Àkùkọ kan péré la ní. Sájẹ́ǹtì la sọ ọ́, torí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn pẹ́. Èmi ni mo tọ́ ọ láti kékeré. Ìyá mi di í lẹ́sẹ̀, ó gbé e lọ sílé-ìwé, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú gbogbo kíláàsì. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, àkùkọ tí ẹ ní kó mú wá rèé. Ẹ ṣàánú ọmọ mi."

Mo retí kí tíṣà ṣàlàyé. Kò ṣàlàyé. Ó fọwọ́ wọn àyà Sájẹ́ǹtì wò, ó ní, "Ẹ ṣeun, màmá." Lọ́jọ́ kejì, ó ń fi igi tayín. Ó kọ òdo míì lé òdo mi lórí, ó di mẹ́jọ, láìyí ọ̀rọ̀ kan padà.

Mo búra pé màá gbẹ̀san. Odindi táàmù kan ni mo fi ń kọ àkùkọ fún un. Ó ń yìn mí, mò ń rẹ́rìn-ín, inú mi ń hó.

Ìgbà tó yá, alábẹ̀wò ilé-ìwé kan, Ìyáàfin Ajíbọ́lá, wá mú ẹni tí yóò kọ àròkọ fún ilé-ìwé wa níbi ìdíje. Ó ní ká kọ nípa ọjọ́ tí a ò lè gbàgbé. Nígbà tó ka ìwé bíi mẹ́wàá, ó gbójú sókè.

"Ta ló ń sin gbogbo àkùkọ yìí nínú fúláàtì?"

Òógùn bo tíṣà. Obìnrin náà kan ìwé tèmi, ó wò ó títí, ó ní kí n dìde kà á sókè.

"Àkùkọ wa ò kọ lọ́jọ́ náà. Inú ìṣasùn tíṣà wa ló wà."

Mo ka gbogbo rẹ̀: báírò pupa, orúnkún ìyá mi nínú eruku, igi ìtayín. Ohùn tí mo fi ń jà nídìí ẹ̀rọ omi ní Kuje ni mo fi kọ ọ́, ohùn yẹn náà ni mo fi kà á. Ó dùn mọ́ mi dé egungun.

Ìyáàfin Ajíbọ́lá fi ìwé mi sínú báàgì rẹ̀, ó ní òun ti rí ẹni tí òun ń wá. Ó yọ báírò pupa nínú àpò tíṣà, ó kọ nǹkan sínú ìwé iṣẹ́ tíṣà fúnra rẹ̀, ó ṣí i sílẹ̀ lórí tábìlì kí gbogbo wa lè rí i: "Àkùkọ dà? Lọ mú un wá."

Lọ́jọ́ kejì, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníran fẹsẹ̀ rìn wá sí Kuje, àkùkọ funfun kan lábíyá rẹ̀. Bí ìyá mi ṣe rí i, ó ti fẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

Mo di apá ìyá mi mú.