Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

"Agùntáṣọọ́lò," ni Ọládiípọ̀ kà, ó sì gbójú sókè. "Adúmáadán. Eyínfúnjowó. Ajíṣefínní. Màmá, ṣé ẹ mọ ẹnikẹ́ni tó jẹ́ irú orúkọ báyìí nínú ilé yìí rí?"

Ẹ̀gúsí tí Màmá Grace ń bó dà sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe pé ẹ̀gúsí náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n rí.

Ọládiípọ̀ ni akọ̀wé ìjọ kan nísàlẹ̀ òkè ní Kúdẹtì, ọmọkùnrin tó mọ èèyàn kí, tí kì í sì í kánjú. Obìnrin tó mú wá jókòó sórí àga alápá kan ṣoṣo tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀. Louisa ni wọ́n ń pè é. Ó dúdú bíi gbogbo wa, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá kankan, àwọn ọmọ àdúgbò sì ti kọrin òyìnbó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Amẹ́ríkà ló ti wá, òun pẹ̀lú báàgì aláwọ kan tó kún fún ìwé.

Àwọn ìwé náà ló tọ̀ dé ibí. Bàbá bàbá rẹ̀, káfíńtà kan tó ń jẹ́ Ezra Tarrant, kó ìyàwó àti àkọ́bí rẹ̀ kúrò ní Amẹ́ríkà láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń ta èèyàn níbẹ̀. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn dé Làìbéríà. Láti ibẹ̀ wọ́n bọ́ sí Èkó, láti Èkó wọ́n dé Ìjàyè, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí ọmọ kejì. Ọládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ló bá ìrìbọmi ọmọ náà nínú ìwé àtijọ́ kan tí kòkòrò ti jẹ létí: James, ọmọ Ezra Tarrant, káfíńtà. Lẹ́yìn náà ni ogun dé. Nígbà tí Ìjàyè tú, bàbá, ìyá àti àkọ́bí sá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n sì padà sí Amẹ́ríkà. Ọmọ kejì, ọmọ ọdún mẹ́rin, wà lẹ́yìn obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, Ọ̀ṣuntúndé. Àwọn jagunjagun kó àwọn méjèèjì wá sí Ìbàdàn.

"Gbogbo Kúdẹtì ló sọ pé ilé Ọ̀ṣuntúndé nìyí," ni Ọládiípọ̀ wí. "Àkọ́bí yẹn ni bàbá Màmá Louisa. Ní ọdún 1909, wọ́n kọ lẹ́tà sí àbúrò wọn, wọ́n fi rán ìjọ. Òyìnbó pásítọ̀ kan mú un wá síbí, ó ní òun ò bá Jémíìsì kankan. Ó kọ orúkọ àwọn tó ń gbé ilé sẹ́yìn àpòòwé, ó sì dá lẹ́tà padà. Èyí náà rèé."

Ó na àpòòwé náà sí i. Ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Màmá Grace kò mọ̀wé kà, síbẹ̀ ó tẹjú mọ́ ọn.

"Bàbá wọn ò kọ òmíràn mọ́," ni Ọládiípọ̀ ń bá a lọ. "Wọ́n ní àbúrò àwọn ló bínú, pé òun ló ní kí wọ́n sọ pé òun ò sí, torí wọ́n fi òun sílẹ̀ sójú ogun. Ohun tí bàbá náà gbé wọ sàréè nìyẹn."

Louisa sọ gbólóhùn kan, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ọládiípọ̀ gbọ́ ọ tán kó tó túmọ̀ rẹ̀. "Wọ́n ní àwọn máa wọ rélùwéè lọ́la. Wọ́n ní bó jẹ́ ibi tí wọ́n sin ín sí nìkan ni ẹ mọ̀, yóò tó."

Louisa tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń dúró de èsì. Màmá Grace gbójú kúrò. Bí ọkùnrin tí wọ́n ń wá yẹn ṣe máa ń tẹ orí gan-an nìyẹn tí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀.

"N ò mọ̀ ọ́n," ló wí. "Ẹ má bínú."

Wọ́n dìde, wọ́n dúpẹ́, wọ́n lọ. Màmá Grace jókòó sídìí àwo ẹ̀gúsí, kò lè bó ẹyọ kan.

Ìyàwó oṣù mẹ́ta ni lọ́dún tí lẹ́tà náà dé, ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọn ò tíì rì í bọmi débi tí yóò máa jẹ́ Grace. Àwa tí a dàgbà nílé Yorùbá mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, bí wọ́n bá ti bí i ṣáájú ọjọ́ tí ìyàwó wọlé, ọkọ rẹ̀ ni, orúkọ àpọ́nlé ni yóò wá fún un. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí pásítọ̀ wá ni ẹnu rẹ̀ ṣì, tó pe ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan lórúkọ. Àwọn ìyáálé mú un kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kó máa bẹ ọkọ rẹ̀. Ọkọ kékeré náà ń jẹ àgbàdo sísun. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó sì ju ṣùkù rẹ̀ nù, kó tó ní òun ti gbọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí pásítọ̀ náà fi wá. Kò tíì lò tó oṣù kan nílùú, ògbufọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, Yorùbá inú ìwé ló ń sọ. Gbogbo ilé ti lọ sóko. Ó mú ìwé kan lọ́wọ́, ó ní, "Jémíìsì wà?"

Ìyàwó náà mọ ẹni tí òyìnbó ń bèèrè. Káfíńtà ilé ni, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ẹni tí Ọ̀ṣuntúndé tọ́ bí ọmọ inú ara rẹ̀, tó ga débi pé ó máa ń tẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó dáhùn pé, "Agùntáṣọọ́lò wà. Wọ́n lọ sóko." Òyìnbó mirí. Ó tún pe Jémíìsì. Òun náà tún ní Agùntáṣọọ́lò, ó na ọwọ́ sókè kó lè rí bí ó ṣe ga tó. Òyìnbó wá bèèrè àwọn yòókù, òun náà sì ka gbogbo wọn fún un bí ó ṣe ń pè wọ́n. Òyìnbó kọ wọ́n sílẹ̀, ó dúpẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Lójú tirẹ̀, ó ti dáhùn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọkùnrin àjèjì wá bá òun nìkan nílé, torí ó mọ ìbéèrè tí ìyẹn yóò fà. Ó rò pé yóò padà wá lọ́jọ́ tí àwọn ọkùnrin bá wà nílé. Òjò ọdún yẹn kò tíì rọ̀ tí wọ́n fi gbé pásítọ̀ lọ sí ìlú mìíràn.

Ọdún méjìlá ni Agùntáṣọọ́lò tún lò láyé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti Èkó dé ni ọkùnrin náà yóò lọ bá, yóò bèèrè pé, "Wọn ò fi nǹkan rán yín sí mi?" Àwọn ọmọdé sọ ọ́ dorin. Ìyàwó kékeré yẹn náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn gan-an ló ń dùn ún jù báyìí.

Kúlúsúmù bá a nídìí àwo. Ìyàwó kejì tí ọkọ rẹ̀ fẹ́ ni, Agùntáṣọọ́lò ti kú kó tó wọlé. Àwọn obìnrin méjèèjì ti jọ ṣe opó nílé náà pẹ́ débi pé wọn ò rántí ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ jà tẹ́lẹ̀. Màmá Grace sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Haà! Ìyáálé mi, ẹ gbé e mì," ni Kúlúsúmù wí. "Ta ló bi yín? Obìnrin yìí ń lọ lọ́la."

"Ó ń lọ pẹ̀lú irọ́, Kúlúsúmù. Bàbá rẹ̀ bínú sí aláìṣẹ̀ kú."

"Bàbá ti kú, Bàbá Káfíńtà náà ti kú. Ta ni ẹ fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe fún? Ẹ fẹ́ kó di wàhálà sí yín lọ́rùn ni? Ohun tí wọ́n fi kọ́ yín náà lẹ ṣe. Wàláì, bó bá jẹ́ èmi, ohun tí n bá sọ nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ṣẹ̀ yín dà níbẹ̀?"

Màmá Grace gbé àwo ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀ lóòótọ́. Síbẹ̀ ọkùnrin kan fi ọdún méjìlá bèèrè ohun tó ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Jémíìsì kò ní ọmọ tí yóò gbẹnu sọ fún un, ọmọbìnrin kan tó bí kú ní kékeré. Bí òun bá dákẹ́, Louisa yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé àbúrò bàbá òun kọ ẹbí sílẹ̀, yóò sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ títí láé. Ó wọ bàtà.

"Níbo lẹ̀ ń lọ nínú oòrùn yìí?" ni Kúlúsúmù bi í.

"Òkè Padre. Ibẹ̀ ló dé sí."

Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín. Ó gba Bẹẹrẹ kọjá, àwọn tó mọ̀ ọ́n ń kí i, kò gbọ́. Ó bá Louisa àti Ọládiípọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ó dé sí, wọ́n ń kó ìwé padà sínú báàgì. Ó ní òun ò ní jókòó. Ìdúró ló wà tó fi sọ ọ́, láti orí ìwé tó wà lọ́wọ́ òyìnbó dé orí orin àwọn ọmọdé. Nígbà tó parí, Ọládiípọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún Louisa. Kò pẹ́ tó fi ṣe tán.

"O gé e kù," ni Màmá Grace wí.

"Màmá..."

"N ò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n mo mọ bí ohun tí mo sọ ṣe gùn tó. O ò dárúkọ mi níbẹ̀. Sọ fún un pé èmi ni. Sọ fún un pé mo máa ń rẹ́rìn-ín."

Ọládiípọ̀ kọjú sí Louisa padà. Ó tún un sọ, ó sọ ọ́ pé lọ́tẹ̀ yìí.

Louisa yọ dígí ojú rẹ̀. Ó jù ú sórí báàgì, Màmá Grace sì rí i pé inú ń bí i. Ó múra sílẹ̀ de èébú, ìbá tilẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí Louisa máa sọ̀rọ̀, wúyẹ́wúyẹ́ ni.

"Wọ́n ní lẹ́yìn tí lẹ́tà padà," ni Ọládiípọ̀ túmọ̀, "bàbá àwọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Jémíìsì nínú ilé àwọn mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni ọ̀hún ni wọ́n ń pè é."

Louisa fi dígí náà padà sójú. Ó wá bèèrè ibi tí wọ́n sin àbúrò bàbá rẹ̀ sí.

"Yàrá tí mo ń sùn," ni Màmá Grace dáhùn. "Ibẹ̀ ni wọ́n sin wọ́n sí."

Takisí ló gbé wọn padà sí Kúdẹtì, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Kúlúsúmù ti yí ẹní kúrò nílẹ̀ nígbà tó rí wọn, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Louisa wọlé, ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì lásán ni, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ó wo ilẹ̀ náà títí. Ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ pe èèyàn, ó tún pa á dé. Ó wá kọjú sí Ọládiípọ̀.

"Wọ́n ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀," ni Ọládiípọ̀ wí. "Wọ́n ní yóò ti gbàgbé èdè wọn, kò ní gbọ́ àwọn. Wọ́n ní kí ẹ bá àwọn pè é, Màmá."

Màmá Grace wo ilẹ̀ náà.

"Bí ẹ ṣe máa ń pè é náà ni kí ẹ pè é," ni Ọládiípọ̀ rọra sọ.

Agùntáṣọọ́lò wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti múra tán. Ọdún méjìléláàádọ́ta ni orúkọ yẹn ti ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láìronú. Orúkọ yẹn náà ni òyìnbó kọ sẹ́yìn àpòòwé. Ó gbé e mì.

"Ìyáálé mi," ni Kúlúsúmù sọ láti ẹnu ọ̀nà, nígbà tó rí ojú rẹ̀, "ọkọ yín ni o. Èèwọ̀ ni."

Màmá Grace kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀.

"Jémíìsì," ló pè. Kò dún já gaara, bí orúkọ ẹni tí kò mọ̀ rí ló ṣe dún létí ara rẹ̀. Ó tún un pè sókè. "Jémíìsì! Ẹ̀gbọ́n yín kọ̀wé sí yín. Èmi ni mo dá a padà."