Ìyẹ́ Apá Tí Anti Abẹ́rẹ́ Rán

Ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Obìnrin aránṣọ kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Anti Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé abẹ́rẹ́ kì í kúrò láyà aṣọ rẹ̀, kódà lọ́jọ́ ìsinmi. Ó mọ Ìwé Mímọ́ dáadáa. Ó mọ̀ pé àwọn áńgẹ́lì tó wọ̀ sílé Lọ́tì kò ní ìyẹ́ kankan, pé ọkùnrin lásán ni gbogbo ìlú rò pé àwọn rí. Ó mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tí Ọlọ́run rán níṣẹ́, bí èèyàn ni wọ́n ṣe wá, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n sọ̀rọ̀, tí wọ́n lọ. Ó mọ gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n òbí wo ló fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún áńgẹ́lì tí ò níyẹ̀ẹ́? Nígbà tí eré àwọn ọmọdé kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ra wáyà, ó ra aṣọ funfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìyẹ́ apá fún wọn.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ wò. Oníìbéèrè ni wọ́n ń pe ọmọ náà, orúkọ náà sì rò ó, torí pé ẹnu ẹ̀ kì í sinmi.

"Anti, báwo lèèyàn ṣe ń dá áńgẹ́lì mọ̀? Ṣé èmi náà ní tèmi? Ṣé ó máa ń sùn?"

"Dúró jẹ́ẹ́, kí pínnì má gún ẹ."

"Tí mo bá wá já bọ́ láti òkè ńkọ́?"

Pínnì kún ẹnu Anti Abẹ́rẹ́, iṣẹ́ sì há a lọ́wọ́. Ó fẹ́ kí ọmọ náà panu mọ́. "Á gbé ẹ sọ́wọ́," ló wí. "Ẹsẹ̀ ẹ ò ní kan òkúta. Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó yá, yípadà."

Ẹyin lọ̀rọ̀, àwọn àgbà ti wí i tipẹ́. Bó bá balẹ̀, ta ló fẹ́ ṣà á jọ?

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n ń fi eré náà dánra wò ni. Anti Abẹ́rẹ́ tẹ̀ba nísàlẹ̀, ó ń gán bọ́tìnì mọ́ aṣọ olùṣọ́ àgùntàn, ló bá gbọ́ ohùn lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì. "Anti, ẹ wò mí!" Ó gbójú sókè. Ọmọ náà ti gun orí igi tí wọ́n fi dí iwájú àga òkè kí ẹnikẹ́ni má bàa já bọ́, ó na apá méjèèjì, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí Anti Abẹ́rẹ́ tó pariwo, ọmọ náà ti bẹ́.

Ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ náà ṣẹ́. Dókítà pe ìyá rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ní kò ní rìn mọ́. Ìyá rò pé ẹsẹ̀ ló yọ̀ lábẹ́ ọmọ òun. Gbogbo èèyàn ló rò bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé kò yọ̀, ẹni náà sì ní abẹ́rẹ́ láyà, ó dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pọ̀. Háà, ayé! Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wọn, ó ní kí wọ́n sọ fún ọmọ náà pé áńgẹ́lì gbá a mú, òun ni kò fi kú. Wọ́n sọ fún un. Oníìbéèrè ò béèrè nǹkan kan mọ́, oorun náà sì kọ̀ láti kùn ún.

Níjọ́ kan, ìyá rẹ̀ lọ bu omi gbígbóná sínú fúláàsì, ó ku Anti Abẹ́rẹ́ nìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ náà ní ọsibítù. Ọmọ náà fọwọ́ fà á mọ́ra.

"Anti, mo jí bọ́tìnì yín kan. Èyí tó ń dán yẹn. Ó wà nínú bàtà mi nílé." "Ẹ máa mú un padà. Ẹ bá mi bẹ áńgẹ́lì mi, kó má bínú mọ́. Torí ẹ̀ ló ṣe jẹ́ kí n ṣubú, àbí?"

Anti Abẹ́rẹ́ lè ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kó sì fi mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gbọ́n báyìí á wá ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn fún ara rẹ̀ lọ́la, á wá òmíràn lọ́tùn-únla, títí á fi dàgbà lórí àga onítáyà.

"Gbọ́, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún ẹ nígbà tí mò ń wọn ìyẹ́, pé áńgẹ́lì á gbé ẹ sọ́wọ́, ṣé o rántí? Ó wà nínú Bíbélì lóòótọ́. Àmọ́ Èṣù náà sọ ọ́ fún Jésù rí, lórí òrùlé tẹ́ńpìlì, ó ní kó bẹ́ sílẹ̀ kó wò ó. Jésù kọ̀. Kò bẹ́."

Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ ìyẹn fún mi?"

"Iṣẹ́ ló há mi lọ́wọ́," ni Anti Abẹ́rẹ́ wí, ẹkún sì bọ́ lójú rẹ̀. "Mo fẹ́ kó o dákẹ́."

"Kì í wá ṣe torí bọ́tìnì?"

"Kì í ṣe torí bọ́tìnì. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, kò sì pẹ́ tí oorun fi gbé e lọ, oorun àkọ́kọ́ látìgbà tó ti ṣubú. Ìgbà tí Anti Abẹ́rẹ́ gbójú sókè ló rí àbúrò rẹ̀, ìyá ọmọ náà, lẹ́nu ọ̀nà, tó gbá fúláàsì mọ́yà. Kò sẹ́ni tó ní láti bi í léèrè bóyá ó gbọ́.

Àbúrò rẹ̀ wọlé, ó rọra gbé fúláàsì kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú báàgì Anti Abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, bó ṣe ń gbé nǹkan fún un látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọdé.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó wí, ohùn rẹ̀ ò le rárá, "ọmọ ti sùn. Ẹ máa lọ sílé kó tó jí."