Ohun Tí Màmá Yọ Nínú Ìkòkò Elégédé

Ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni Toheebat dúró sí. Ojú rẹ̀ kòrókòró ni ìyá ọkọ rẹ̀ ki ṣíbí bọ inú ìkòkò elégédé, wọ́n yọ aṣọ funfun kékeré kan tí wọ́n so lẹ́nu jáde, wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n sì tì í sábẹ́ igbá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ kó rò? Kì í ṣe gbogbo oúnjẹ ni inú rẹ̀ ń gbà. Dókítà kan ní Ìlaròó ló ní kó jáwọ́ nínú àlùbọ́sà, aáyù àti ẹ̀wà, pé elégédé níwọ̀nba kò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Tó bá se é fúnra rẹ̀, àlàáfíà ni. Tí Màmá bá fi lè se é pẹ́nrẹ́n, inú rẹ̀ á wú, á máa ká kò lórí ẹní. Ó ti ń bá ara rẹ̀ jà tipẹ́ pé kò lè jẹ́ Màmá ló ń fà á.

Ó sá wọ yàrá. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù Abdulrauf, ọkọ rẹ̀, tó wà ní ìsọ̀ wọn ní ìkóríta. “Ìyá yín ń fi nǹkan sí oúnjẹ mi. Mo fojú ara mi rí i. Wọ́n fẹ́ pa mí.”

Ó wá fi ìbínú padà, ó fa aṣọ náà yọ lábẹ́ igbá, ó tú u. Àlùbọ́sà ni, odindi, ó ti rọ̀.

“Màmá, kí lèyí?”

Ojú ti Màmá. “Ìyàwó mi, má bínú. Elégédé tí kò ní àlùbọ́sà, ṣé oúnjẹ nìyẹn? N kò lè gbé e síwájú rẹ bẹ́ẹ̀. Aṣọ ni mo máa ń dì í sí, kí ẹyọ kan má baà ṣẹ́ kù sínú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń jẹ ẹ́ tí mo bá ti yọ ọ́.”

Dókítà ti sọ fún un pé omi àlùbọ́sà gan-an kò dára fún un. Òun ni kò sọ ọ́ fún Màmá. Ó sáré padà sí yàrá, ó mú fóònù lórí ibùsùn kó lè pa ohùn yẹn rẹ́, àmọ́ Abdulrauf ti gbọ́ ọ.

Ọ̀kadà dúró níta.

“Ọkọ rẹ dé,” ni Màmá wí, wọ́n ti ń bu elégédé.

Abdulrauf wọlé, kò kí ìyá rẹ̀. Màmá ń rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n sì na àwo elégédé náà sí i.