Ayò Tí N Kò Fẹ́ Kí Ó Tán

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ní ọdún kejì ogun abẹ́lé, wáyà kan wọlé sí ibùdókọ̀ rélùwéè Òṣogbo. Èmi ni mo gbà á, nítorí èmi ni akọ̀wé wáyà. Àwọn ológun ni wọ́n fi ránṣẹ́: Dúrósinmí ọmọ Fámódùn ti kú lójú ogun. Ọ̀gá wa ní kí n lọ sọ fún bàbá rẹ̀.

Fámódùn, ará Iléṣà tí ó ń tún ojú irin ṣe, ti jókòó sídìí ayò lábẹ́ igi máńgòrò, òun àti Sàláúdéènì ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Èmi adájọ́ wọn ni wọ́n ń dúró dè. Mo ki wáyà náà bọ àpò. Mo ní bí ayò yìí bá tán, n óò sọ ọ́.

Àwọn méjèèjì mọ̀ mí sí adájọ́ tí kì í fẹ́ ìfàsẹ́yìn. Èmi ni mo fi òfin lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá ronú pẹ́ yóò pàdánù títa rẹ̀; àti pé bí ọmọ ayò tí ó kù bá yí ọpọ́n po lẹ́ẹ̀mẹta tí ẹnikẹ́ni kò jẹ, ọ̀mì ni, kí a dìde. Lọ́jọ́ náà, mo jẹ́ kí Fámódùn ronú títí. Sàláúdéènì fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

“Òṣómàáló, ṣé orí ọpọ́n yìí náà ni o fẹ́ lóṣòó sí ni?”

Fámódùn rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀pẹ ni ìwàdùwàdù ń pa, ọ̀ta kì í kánjú.

Ó wá ku ọmọ mẹ́ta. Wọ́n ń lé ara wọn kiri, wọn kò bára wọn. Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀mẹta. N kò ní kí wọ́n dìde. Wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kẹrin. Sàláúdéènì wojú mi. Mo ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni tí ń wo òjò láti ojú fèrèsé.

Fámódùn dá ọwọ́ dúró lókè ọpọ́n.

“Bọ́lárìnwá, ọdún mẹ́fà ni o ti ń dájọ́ fún wa. O kò jẹ́ kí ayò pẹ́ báyìí rí.”

Ọwọ́ mi lọ sí àpò tí wáyà náà wà, Fámódùn sì rí i.

“Ṣé Dúrósinmí ni?”

“Òun ni, ẹ̀gbọ́n.”

Ó béèrè bóyá wọ́n ti sin ín. Mo ní wáyà kò sọ. Ó rọra mi orí, ó sọ ọmọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ojú tí ó kàn.

“Sàláúdéènì, ìwọ ló kàn.”

Sàláúdéènì wò mí, kí n pe ọ̀mì. N kò pè é. Ó ta.