Abọ́ Sikirat

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìjà Mùjídàt, kó fẹnu kan ìyá rẹ̀. Alhaji Ṣàmsúdéènì, alága ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ ní Enugu, fẹnu kàn án. Ẹgbẹ́ fẹ́ ṣàfihàn iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àgbà tó ti lọ, Mùjídàt sì gbé abọ́ tánganran kan wá, aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́, tí Sikirat ìyá rẹ̀ sọ kó tó kú pé òun lòun mọ ọ́n, tó sì fín òdòdó sí lára.

Àwo ni Alhaji ń tà, bí bàbá rẹ̀ ṣe tà á. Ó yí abọ́ náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. "Mùjídàt, má bínú o. Ọjà òkè òkun nìyí. Bàbá mi ló tà á fún ìyá rẹ. Mi ò lè kọ orúkọ Sikirat sí i."

"Ìyá mi purọ́ nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ ọ́, sà! Kó tó di ọjọ́ àfihàn, màá ṣe irú rẹ̀."

Háà, ẹnu dùn ún ròfọ́! Ilé iṣẹ́ tí Sikirat ti ṣe é ti kógbá wọlé tipẹ́tipẹ́. Iṣẹ́ amọ̀ ni Mùjídàt ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, ó mọ abọ́ mọ, ó mọ ọnà fín. Ohun tí wọ́n ń pò tí abọ́ fi ń dán ni kò mọ̀. Ó wádìí títí ó fi kan Bàbá Alárápé ní Idaw River Layout, ẹni tó ń dáná sun abọ́ nílé iṣẹ́ náà nígbà náà.

"Amọ̀ funfun tó ṣàn bí ògì lo máa kọ́kọ́ fi kùn ún," bàbá ní, "kí o tó fín in. Tó bá ti jinná lẹ́ẹ̀kan, o wá fi òkúta funfun lílọ̀ àti eérú fífọ̀ bò ó, o tún sun ún."

Ó ṣe é. Abọ́ jáde, ó ṣá bí ògiri tí òjò pa. Ó tún un ṣe, pàbó. Alhaji ránṣẹ́ pé kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, irú rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù òun. Inú bí Mùjídàt. Ó gbé abọ́ burúkú náà tọ bàbá lọ.

"Báwo lo ṣe fọ eérú?"

"Mo bu omi sí i, mo gba omi ojú rẹ̀, mo da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. "Ọṣẹ lo fẹ́ sè ni?"

Yéè! Mùjídàt káwọ́ lérí. Ọlọ́ṣẹ dúdú ni ìyá ìyá rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́. Omi eérú ni wọ́n ń tọ́jú nílé wọn, eérú ni wọ́n ń dà nù.

"Àṣìṣe tí Sikirat ṣe gan-an nìyẹn nígbà tó bẹ̀rẹ̀," bàbá ní. "Omi la ń dà nù, ọmọ mi. Eérú la ń lò."

Omijé bọ́ lójú Mùjídàt, ayọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ kò purọ́.

Ó fi eérú náà ṣe òmíràn, èyí sì dán. Lọ́jọ́ àfihàn, ó gbé abọ́ méjì, ti ìyá rẹ̀ àti tirẹ̀, kalẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. "Alhaji, ẹ̀yin lẹ mọ ọjà. Èwo ni bàbá yín tà?"

Alhaji fìka kàn wọ́n, ó gbé wọn wo lójú oòrùn. Ó fọwọ́ lé ọ̀kan. "Èyí ni. Kò sẹ́ni tó máa fi ọjà òkè òkun tàn mí jẹ."

Mùjídàt dojú abọ́ náà dé. Orúkọ tirẹ̀ ló fín sí ìdí rẹ̀.

"Abakpa Nike ni òkè òkun yín, sà. Ẹ̀yìnkùlé mi ni. Ó yá, ẹ mú bírò, ẹ kọ orúkọ ìyá mi."

Ó dúró tì í títí ó fi kọ ọ́ tán.