“Wa” Tí Mò Ń Fagi Lé

3.

…ni mo bá kọ ọ́ sójú pátákó: KÍ LÓ BÀJẸ́ NÍTÒSÍ RẸ? TA LO SỌ FÚN? Ẹ̀kọ́ ọmọ ìlú rere ni mò ń kọ́ wọn. Ogójì ọmọ ló wà níwájú mi. Ọmọbìnrin tuntun, tí òun àti bàbá rẹ̀ ti ilẹ̀ òkèèrè kó dé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nìkan ló nawọ́ sókè.

4.

Àṣìṣe rẹ̀, pẹ̀lú báírò pupa mi:

~~bàtà wa~~ bàtà mi
~~eyín ń dun wa~~ eyín ń dùn mí
~~imú wa dí~~ imú mi dí

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ ọ́ ní Imú Wa. Ó ń jẹ́ wọn. Ó tún ń rẹ́rìn-ín.

5.

Lẹ́tà rẹ̀, tí mo bá a fi ránṣẹ́:
*Sí iléeṣẹ́ omi.*
*Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀rọ omi wa tó wà lẹ́yìn kíláàsì ń jò láti ìgbà tí a ti dé. Ẹsẹ̀ wa tutù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó.*

6.

Wọ́n wá.

6, lẹ́ẹ̀kan sí i.

ATÚNẸ̀RỌṢE: Ẹ mà pọ̀ o! Ẹ̀yin mélòó lẹ kọ lẹ́tà yìí?
ÈMI: Ẹnì kan ṣoṣo ni.

7.

ÌKÉDE
Kíláàsì kọ̀ọ̀kan yóò yan ẹnì kan sí ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́.
ỌMỌ ÌLÚ YÌÍ NÌKAN.
Kí fọ́ọ̀mù wọlé kí aago méjì tó lù lónìí.
— Ọ̀gá àgbà

8.

ONÍGÍLÁÀSÌ, akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń lo awò ojú, ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu rẹ̀ rí: Imú Wa la yàn.
ÈMI: Ẹ ò rí ìkéde ni?
ONÍGÍLÁÀSÌ: Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní ká sọ ohun tó bàjẹ́.
ÈMI: Kí ló wá bàjẹ́?
ONÍGÍLÁÀSÌ: Ìkéde yẹn ló bàjẹ́.

9.

Oorun gbé mi lọ lórí àga. Omi ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, gbogbo tábìlì ń léfòó. Ọ̀rọ̀ kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ láàárín wọn: wa, wa, wa. Mo ń fi báírò pupa lé wọn kiri. Ọwọ́ mi ò tẹ ọ̀kan. Mo jí, ojú ń tì mí.

10.

Fọ́ọ̀mù Imú Wa, bó ṣe kọ ọ́:
Kíláàsì: *tiwa*
Ìlú rẹ: *ìlú wa*

11.

Bóyá àṣìṣe àtijọ́ ni, ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀ ló ní lọ́kàn. Bóyá ibí ni. Mo pè é.

ÈMI: Ìlú wo?
IMÚ WA: Ìlú wa ni, tíṣà. Ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?

12.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ̀rù ọ̀gá àgbà ń bà mí. Ẹ̀rọ omi ò jò mọ́, gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Báírò pupa wà lọ́wọ́ mi, mo ti ṣí ìdérí rẹ̀; “wa” orí fọ́ọ̀mù náà wà níwájú mi, n ò tíì fagi lé e.